Má Sọ Ẹni Tó Wà Lẹ́yìn Ìlẹ̀kùn

Ilé wa, Ọ̀tà,
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Ásárì.

Àkànní ọmọ mi,

Ẹni tó bá rí ọwọ́ ìkọ̀wé yìí á mọ̀ pé télọ̀ ló kọ ọ́. Ìlà rẹ̀ tọ́ gbọọrọ, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ tó wà lórí ìlà ń wọ́ tẹ̀lé ara wọn bí ìgbín. Fara balẹ̀ kà á. Ìyá rẹ kí ọ. Ràfátù àbúrò rẹ náà kí ọ, ó ní kí n rí i dájú pé mo kọ orúkọ òun, mo sì ti kọ ọ́ báyìí. Ara gbogbo wa le, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Mo mọ̀ pé o kò retí lẹ́tà lọ́dọ̀ mi. Ìgbà tí mo ti mọ́sálásí dé láàárọ̀ yìí, mo gba ọ̀nà pápá ilé-ìwé kọjá kí n lè bá ọ sọ̀rọ̀ díẹ̀, ipa táyà nìkan ni mo bá. Wọ́n ní ọkọ̀ sinimá yín ti kọjú sí Adó-Odò kí ilẹ̀ tó là dáadáa. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ pọ̀ jù fún mi láti gbé mì, ni mo ṣe jókòó ti ìwé yìí.

Kí n tó sọ ohunkóhun, gbọ́ eléyìí ná: ọkàn mi ti balẹ̀ bí omi inú àmù. Lánàá òde yìí, kò rí bẹ́ẹ̀.

O kò mọ̀ pé mo ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Àtàn. Lọ́sàn-án àná, bí ọkọ̀ yín ṣe wọ Ọ̀tà, Mọ́ṣúdì awakọ̀ yín mú ṣòkòtò kan tó ya lórókún wá fún mi kí n bá a lẹ̀ ẹ́. Kò mọ̀ pé èmi ni bàbá rẹ. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń mu omi, ó sì ń bá mi tàkúrọ̀sọ.

Ó ní, "Bàbá, ọmọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ wa tó ń túmọ̀ sinimá fún àwọn èèyàn. Ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. Àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò ní ìdérí."

Mo ní, "Kí ló ṣe?"

"Ní Àtàn ńkọ́! Sinimá tuntun ni wọ́n gbé fún wa, sinimá ẹ̀rù. Kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ọmọ yìí gbé gbohùngbohùn, ó ní, 'Ẹ má jáyà o, ẹni tó máa yọ́ wọlé bá bàbá yìí kì í ṣe olè, ọmọ rẹ̀ tó ti sọnù ni.' Bàbá, bí àwọn èèyàn ṣe gbọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní, 'Áà, ó dáa bẹ́ẹ̀.' Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́. Àwọn ọkùnrin ká ẹní wọn, ó di ilé. Nígbà tí yóò fi dé àárín, àwọn ewúrẹ́ nìkan ló kù níwájú wa."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo wá bi í pé kí ni ọ̀gá wọn sọ.

"Òyìnbó náà kò pariwo. Ó kàn ní bí ti Ọ̀tà bá tún rí bẹ́ẹ̀, òun á wá ẹlòmíì. Ó sì ń dùn mí, nítorí ọmọ náà ní ìwà. Ó tiẹ̀ ní Ọ̀tà níbí ni wọ́n ti bí òun."

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Kí ni wọ́n ń pè é?"

"Múfútáù."

"Èmi ni mo bí i."

Àkànní, ìbá jẹ́ pé o rí ojú Mọ́ṣúdì! Ó fò dìde lórí àpótí, ó dọ̀bálẹ̀ tòun ti ife omi lọ́wọ́. "Ẹ forí jì mí, Bàbá, mi ò mọ̀!" Mo ní kó dìde, pé òtítọ́ kì í ṣe èébú. Ṣùgbọ́n bó ti gba ṣòkòtò rẹ̀ lọ tán, n kò lè rán nǹkan kan mọ́. Mo ti ń wò ó pé ìlú tí wọ́n bí ọmọ mi sí gan-an ni wọ́n á ti lé e lẹ́nu iṣẹ́, níṣojú ìyá rẹ̀, níṣojú gbogbo ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ.

Mo ní ìmọ̀ràn kan fún ọ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní Èkó, ọ̀gá mi mú àwa ọmọṣẹ́ lọ wo sinimá lọ́jọ́ ọdún. Ọkùnrin kan jókòó sẹ́yìn mi tó ti wo sinimá náà rí. Bí ẹ̀rù bá ti fẹ́ máa dùn mọ́ mi, á tẹ̀ síwájú létí mi, á ní, "Má fòyà, kò ní kú." Títí sinimá fi parí, mo kàn ń wo nǹkan tí ó ti sọ fún mi ni. Ká ní abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá rán ẹnu rẹ̀ pọ̀. Àwọn àgbà ló ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìtàn yìí ni mo gbé dání wá bá ọ ní pápá, mo bá ọ tí ò ń so aṣọ funfun mọ́ igi.

Mo ní, "Àkànní, ṣé kò sí?"

O ní, "Kò sí nǹkan kan, Bàbá." O kò wò mí lójú.

Kí n tó la ẹnu, Òyìnbó yín ti ń pè ọ́. O sáré lọ. Mo gbé ìmọ̀ràn mi padà sílé bí ẹni gbé ọjà tí kò tà. Àṣé o ti rí ọgbọ́n tìrẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé yìí: kì í ṣe láti kọ́ ọ ní ohun tí o kò mọ̀, bí kò ṣe láti sọ ohun tí o ṣe lálẹ́ àná fún ọ. Iwájú ni ìwọ wà, aṣọ funfun ni ò ń wò. Àárín èrò ni èmi wà, mo ń rí ojú wọn. Ohun tí èèyàn bá sì ṣe láìmọ ìdí tó fi dára, ó ṣòro kó tó lè tún un ṣe ní ìlú mìíràn.

Èkínní. O jẹ́ kí aago sọ̀rọ̀ kí o tó sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bọ́ sára aṣọ funfun, kò sí èèyàn kankan níbẹ̀. Ògiri kan ni a rí, aago ló kún un, ńlá àti kékeré, gbogbo wọn ń dún, kọ́, kọ́, kọ́. Òjò ń rọ̀ lójú fèrèsé. Ẹ̀rọ yín kò yára, kò sáré, ó ń wo àwọn aago náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wá èyí tó fẹ́ rà. Gbogbo pápá tó ń pariwo tẹ́lẹ̀, tí àwọn ọmọdé ń ja ìjà ẹní, ó pa lọ́lọ́. Mo gbọ́ tí ìyá rẹ mí. Kò tíì sí ohun tó ṣẹlẹ̀ o, aago ló ń dún. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ti ń dún léraléra báyìí, etí á bẹ̀rẹ̀ sí í retí ìgbà tí yóò dákẹ́. Ìwọ náà retí. Lẹ́yìn náà lo wá sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bàbá kan nìyí. Aago ló ń tún ṣe. Òun nìkan ló ń gbé." O sì pa ẹnu dé.

A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Níbikíbi tí ẹ bá dé, jẹ́ kí àwọn èèyàn kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó wà nínú ilé náà kí wọ́n tó gbọ́ ohùn rẹ.

Ìkejì. Má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rù bà wọ́n fún ẹni tí wọn kò fẹ́ràn.

Kíyè sí bí wọ́n ṣe fi bàbá yẹn hàn wá. Ó fi gíláàsì kékeré há ojú kan, ó ń fi nǹkan tín-ín-rín tú inú aago. Ó ń bá aago ọ̀hún sọ̀rọ̀ bí ìyá tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó bu tíì, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó gbàgbé láti mu ún, ó padà sídìí aago. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín, ó fi ìgúnpá gún mi, ó ní, "Ìwọ gan-an nìyí." Ó sì jọ mí lóòótọ́, àfi àwọ̀. Nígbà tí a bá ti nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ báyìí, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, ara wa ló fẹ́ fọwọ́ kàn. Bó bá jẹ́ àjèjì pátápátá ni, ta ni yóò da omi ojú sílẹ̀ nítorí rẹ̀? Ní Àtàn, o sọ ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ kí wọ́n tó mọ bàbá.

Ìkẹta ni ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn, òun ló ṣe pàtàkì jù.

Wọ́n fi ìlẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé hàn wá. Irin ìdábùú rẹ̀ wà nílẹ̀, kò há. Wọ́n tún fi bàbá hàn wá, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń súfèé. Nǹkan tí wọ́n ṣe kò ju ìyẹn lọ, Àkànní! Kò sí ìbọn, kò sí ọ̀bẹ. Àwa rí ohun tí bàbá kò rí, kò sì sí bí a ṣe lè sọ fún un. Ìdè tí wọ́n fi dè wá mọ́lẹ̀ nìyẹn. O ní, "Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn nìyẹn," o tún dákẹ́. Àwọn obìnrin tó wà lápá ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo: "Bàbá, ẹ ti ìlẹ̀kùn! Ẹ lọ ti ìlẹ̀kùn yín!" Ọ̀kan nínú wọn dìde dúró, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń tọ́ka sí aṣọ funfun. Ẹni tó bá mọ gbogbo rẹ̀ kì í bẹ̀rù, ẹni tí kò bá sì mọ nǹkan kan náà kì í bẹ̀rù. Ẹni tó bá mọ ìdajì ni ara rẹ̀ kì í gbà á. Ìdajì yẹn ni kí o máa fún wọn.

Lẹ́yìn náà ni ìlẹ̀kùn mì díẹ̀. Bàbá gbé ife tíì. Ìlẹ̀kùn tún mì. Bàbá gbé ife sílẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Bàbá Lánlókè dìde. O mọ̀ pé kò sí ẹni tó dàgbà jù wọ́n lọ ní agboolé wa, kò sì sí ẹni tí wọ́n kì í pàṣẹ fún. Wọ́n fi ọ̀pá kan ilẹ̀, wọ́n ké sí ọ lójú gbogbo ìlú: "Ọmọ Súlè! Ta ló wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn yẹn? Sọ fún wa báyìí!"

Gbogbo èrò wò ọ́. Òyìnbó yín náà wò ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Mo mọ ohun tí àgbà sọ pé kí ọmọdé ṣe. Mo sì mọ ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Mo di apá ìyá rẹ mú. Bí o bá dáhùn, iṣẹ́ ti bọ́. Bí o bá pa wọ́n tì, ìlú á ní ọmọ Súlè ti lọ di Òyìnbó, ó ti ń fojú tín-ín-rín àgbà.

O kúnlẹ̀ sídìí gbohùngbohùn, nítorí kò sí àyè láti dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, mo rí ọ. O ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, èmi náà ń wò ó ni."

Ọ̀tà bú sẹ́rìn-ín! Bàbá Lánlókè náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ó dáa, jẹ́ ká jọ máa wò ó," wọ́n sì jókòó. Mo sì rí i pé lẹ́yìn ẹ̀rín yẹn, ẹ̀rù wọn tún pọ̀ sí i, nítorí wọ́n gbà pé ìwọ náà kò mọ̀. Ọmọ mi, wàá pàdé ọ̀pọ̀ àgbà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ọlọ́jà, baálẹ̀, àti ẹni tó sọ ara rẹ̀ di baálẹ̀. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ohun tí kò yẹ kí o sọ, má parọ́ fún wọn, má sì ta wọ́n nù. Kúnlẹ̀ kí o tó kọ̀. Orúnkún tó kanlẹ̀ máa ń jẹ́ kí "rárá" dùn-ún gbọ́.

Wàyí o, ibi tí ọkàn mi ti fò lọ.

Nǹkan bọ́ lọ́wọ́ bàbá aláago, irin kékeré kan láti inú aago. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fọwọ́ wá a nílẹ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́bàá aṣọ ìkélé, a rí bàtà méjì. Omi òjò ń kán lára wọn. Ẹsẹ̀ èèyàn wà nínú wọn.

Ìyá rẹ kígbe. Gbogbo pápá kígbe. Ibẹ̀ gan-an ni fíìmù yín já, ẹ̀rọ yín sì kú.

Òkùnkùn ṣú bo gbogbo wa. Ìmọ́lẹ̀ lọ, ohùn aago lọ. Mo gbọ́ tí Òyìnbó ń sọ̀rọ̀ kíkankíkan, mo gbọ́ tí Mọ́ṣúdì ń wá tọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ẹnì kan lẹ́yìn mi ní, "Ó ti parí, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Mo gbọ́ tí ẹní ń dún bí wọ́n ṣe ń ká a. Mo ní nínú ara mi pé, Súlè, ohun tí ọmọ rẹ kò fẹnu bàjẹ́, ẹ̀rọ ti bà á jẹ́ fún un. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bí n óò ṣe gbà ọ́ nígbà tí o bá gbé àpótí aṣọ rẹ wọlé, bí n kò ṣe ní bi ọ́ ní ìbéèrè kankan.

Mo wá gbọ́ ọ. Nínú òkùnkùn, láìsí iná, láìsí gbohùngbohùn, nítorí òun náà ti kú. Ahọ́n rẹ lo fi ṣe é: kọ́. O dúró. Kọ́. O tún dúró. Kọ́.

O kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Àwọn tó ń ká ẹní dúró. Ọmọdé kan ní iwájú gbè é, kọ́. Òmíràn tún gbè é. Kò pẹ́, gbogbo pápá ń ṣe aago nínú òkùnkùn, àgbà àti èwe, ìyá rẹ wà lára wọn, omi wà lójú rẹ̀. Kò sí ẹni tó lọ sílé. Ta ni yóò lọ, nígbà tí bàbá ṣì bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, tí bàtà ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀?

Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́, ṣùgbọ́n kọ eléyìí sọ́kàn. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti já ni èèyàn ti ń fẹ́ gbọ́ ọ jù. Má fi àlàyé dí ihò tí ìdákẹ́jẹ́ ń dá lu. Àwọn tó wà níwájú rẹ ń fi ọkàn ara wọn rán an lọ, iṣẹ́ wọn sì dára ju tìrẹ lọ.

Nígbà tí Mọ́ṣúdì àti ọ̀gá yín so fíìmù náà pọ̀ tán, tí ìmọ́lẹ̀ padà, bàbá ti gbé orí sókè. Bàtà kò sí níbẹ̀ mọ́. "Ó dà? Ó dà?" ni gbogbo èèyàn ń bi ara wọn. Òjìji gun ògiri, ó bo àwọn aago mọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ kan jáde, ó ń lọ sí èjìká bàbá. Mo rí Bàbá Lánlókè tí wọ́n fi aṣọ bojú.

Bàbá aláago kò yíjú padà. Ó sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. O jẹ́ kó sọ ọ́ tán. O kò pariwo. Bí ẹni pé inú yàrá wa lo wà, o ní: "Ti ìlẹ̀kùn yẹn. Òjò ń wọlé."

Àkànní! Mi ò tíì gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ rí ní Ọ̀tà. Àṣé ojú gíláàsì aago tó wà níwájú rẹ̀ ni bàbá ti ń rí i, àṣé ó ti mọ̀ láti ìgbà náà pé ọmọ òun ló dé! Àwọn ènìyàn ń dì mọ́ra wọn. Ẹni tí n kò bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wá gbá mi lẹ́yìn, ó ní, "Súlè, ọmọ rẹ ni, ọmọ rẹ ni!" Ìyá rẹ ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ń fi ìborùn nu imú. Èmi náà, mo rí i pé mo ti di ìka ara mi mú fún ìgbà pípẹ́, ó ti ń ro mí. Mo tú u sílẹ̀.

Ọmọ tó wọlé yẹn wá sọ̀rọ̀, o sì túmọ̀ rẹ̀: "Bàbá, wọ́n ń lé mi bọ̀." Gbogbo wa tún jókòó padà. Wọ́n tú wa sílẹ̀ ká lè mí ni, wọ́n sì tún dè wá. Rántí èyí náà: ẹni tí a bá dì mọ́lẹ̀ láì tú u sílẹ̀ rárá, á sùn lọ tàbí kó bínú. Fún wọn ní ìsinmi, kí o tó tún mú wọn.

Ìyókù sinimá náà dára, ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún ọ, n kò rántí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìwọ ni mo ń wò. Mo rí i nígbà tó parí tí Òyìnbó yín bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Mo rí i tí Mọ́ṣúdì ń wá mi kiri láàárín èrò, tó ń na ọwọ́ méjèèjì sókè. Èmi náà na tèmi.

Ìmọ̀ràn iṣẹ́ parí. Ó ku ti ilé, kò sì gùn.

Ohun tó dára nínú sinimá kò dára láàárín ẹbí. Nígbà tí o kọ́kọ́ lọ síbi iṣẹ́ yìí, oṣù wọlé, oṣù jáde, a kò gbọ́ ọ. Ìyá rẹ ń rí ìdajì bí àwa náà ṣe rí i ní pápá: ó mọ̀ pé o wà lójú ọ̀nà, kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Gbogbo ọkọ̀ tó bá dúró ní ẹ̀bá ọjà, ó ń jáde lọ wò. N kò sọ èyí láti bá ọ wí. Mo ń sọ ọ́ kí o lè mọ̀ pé fún àwa, kí o kọ́kọ́ sọ òpin ìtàn. Kọ ọ́ sórí ìlà àkọ́kọ́ pé, "Ara mi le." Bó bá jẹ́ pé ara rẹ kò le, kọ ìyẹn náà sórí ìlà àkọ́kọ́. Bó bá sì di ọjọ́ tí o fẹ́ ìyàwó, bákan náà ni kí o ṣe fún un. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, má sọ fún un pé kò sí nǹkan kan bí o ṣe sọ fún mi lánàá. Obìnrin tó ń fetí sí ìró ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ láti mọ bóyá inú rẹ̀ dùn, kò sí ìsinmi fún un.

Òmíràn. Àwọn èèyàn á máa yìn ọ́ báyìí. Gba ìyìn, má jẹ ẹ́. Mọ́ṣúdì ló so fíìmù pọ̀ nínú òkùnkùn, tòun ti tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Bí ẹ bá dé Adó-Odò, kí o tó fi omi bọ ẹnu tìrẹ, fún un ní omi. Sọ fún un pé ṣòkòtò rẹ̀ tí mo lẹ̀ kò ní ya mọ́, àfi bó bá tún dọ̀bálẹ̀ lójijì.

Èyí tó kẹ́yìn ni mo ti ń sún síwájú látàárọ̀. O mọ̀ pé ọkàn mi wà lórí kí o jogún iṣẹ́ yìí. N kò fi agbára lé ọ, ṣùgbọ́n n kò dákẹ́ nípa rẹ̀ náà. Ẹ̀rọ ìránṣọ kejì tó wà lábẹ́ fèrèsé, ìwọ ni mo rà á dè. Látìgbà tí o ti lọ, aṣọ ni mo fi bò ó. Ìgbàkígbà tí Ràfátù bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, mo máa ń sọ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ni ín, pé iṣẹ́ sinimá kì í ṣe iṣẹ́ tó ń pẹ́.

Láàárọ̀ yìí, bí mo ti pápá dé, mo ká aṣọ náà kúrò. Mo nu ẹ̀rọ, mo fi epo sí i. Mo pe Ràfátù, mo ní, "Wá jókòó." Ó wò mí, ó wo ẹ̀rọ, ó ní, "Bàbá, ti Bọ̀ọ̀dá Múfú ńkọ́?" Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá rẹ ti ní ẹ̀rọ tirẹ̀."

Ó ti ṣẹ́ abẹ́rẹ́ kan báyìí. Ìlà tó rán sì wọ́ bí ọ̀nà oko Alápòtì. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, mo ń gbọ́ tí ẹ̀rọ náà ń dún ní yàrá kejì, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀, ilé wa sì dùn mọ́ mi nínú. Máa bá iṣẹ́ rẹ lọ, ọmọ mi. Ọlọ́run á máa ṣí ọ̀nà níwájú ọkọ̀ yín, òjò kò ní bá yín lórí pápá.

Èmi ni bàbá rẹ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́,
Súlè Télọ̀.